Chevrolet bàbá wa tó wà lẹ́yìn ilé láti 1983: ṣé ká tà á fún onírin ni àbí ká tún un ṣe?

ỌmọÌjẹ̀bú_Maryland

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo máa kọ́kọ́ dá sí i. Ọ̀rọ̀ mọ́tò bàbá wa ni. Chevrolet Impala ni, wọ́n rà á ní tuntun l'Ékòó nígbà tí èmi ò tíì ju ọmọ tó ń rá lọ, wọ́n sì wà á títí di 1983 kó tó di pé ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ náà ló wà títí dòní. Bàbá kú ní 2009. Oṣù tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé onírin kan ti wá wò ó, ó ti dá iye lé e, ṣé kí àwọn gba owó náà. Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mọ́tò yẹn jẹ́ fún wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà díẹ̀ á rántí pé kó tó di April 2, 1972, apá òsì títì ni gbogbo mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà, sítíárìn mọ́tò bàbá wà lápá ọ̀tún. Nígbà tí ìjọba yí i padà, bàbá ò ta mọ́tò wọn, wọn ò sì gbé sítíárìn kúrò níbi tó wà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí lọ́rí bá wà níwájú, ẹni tó ń wakọ̀ ò lè rí ọ̀nà tó fẹ́ fi yà á sílẹ̀, ẹni tó jókòó lápá òsì ló ń rí i. Ọmọ ọdún 14 ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà, òun ni bàbá wá sọ di ojú. Á yọ orí síta lójú wíńdò, á ní "Bàbá, ẹ dúró, tánkà ń bọ̀!", tó bá sì yá, á ní "Bàbá, ọ̀nà mọ́, ẹ máa lọ!", bàbá á tẹ iná mọ́ ọn, a ó ti kọjá. Láti Ìjẹ̀bú dé Ìbàdàn, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni bàbá fi ń wakọ̀. Òun yìí kan náà ló ń sọ pé ká tà á fún onírin.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín: gbogbo wa nílé la mọ̀ pé 1967 ni mọ́tò náà, ṣé mọ́tò tó ti dúró tó ogójì ọdún lè jí? Àbí kí n ra irú ẹ̀ níbí kí n fi ránṣẹ́ sílé? Mo ti fi fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀ sókè, èyí tá a yà ní Kérésì, èmi ni mo jókòó sórí búùtù yẹn pẹ̀lú ṣókótó péńpé.

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tà á. Omi bọ́ lójú mi níbi tẹ́ ẹ ti sọ pé ẹ̀gbọ́n yín ń yọ orí síta. Bàbá tèmi ò ní mọ́tò, dírẹ́bà ni wọ́n, Pontiac Parisienne ni ọ̀gá wọn ní. Láàárọ̀ Sátidé wọ́n máa ń wà á gba iwájú ilé wa ní Òkè-Àdó kí wọ́n tó lọ fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣí ìlẹ̀kùn, wọ́n á ní ká fi ìdí jókòó ká jẹ́ kí ẹsẹ̀ wà níta kí á má baà fi yẹ̀pẹ̀ sínú mọ́tò onímọ́tò. Àga iwájú ẹ̀ gbọọrọ bíi bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn mẹ́ta á jókòó síbẹ̀ tí wọn ò ní fara kanra, gíà ẹ̀ wà lára sítíárìn, kò sí nǹkankan láàárín. Òórùn inú ẹ̀ ṣì wà nímú mi, àga tí oòrùn ti pa, pẹtiróòlù díẹ̀, àti pómédì orí ọ̀gá. Ẹ ò ní gbọ́ ìró ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí àwọn àgbà fi sọ ọ́ ní ayọ́kẹ́lẹ́, torí ṣe ló máa ń yọ́ wá, á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Mi ò gbọ́ nǹkankan nípa àtúnṣe o, mo kàn ní kẹ́ ẹ má tà á.

Ọ̀gá_Mẹkáníìkì_Mushin

Ẹ kú ilé o. Ọdún 31 rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ó lè jí, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bátìrì sí i pé òun fẹ́ sítáàtì ẹ! Ẹ́ńjìnnì tó ti dúró láti ìgbà yẹn, rìngì ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà, tẹ́ ẹ bá fipá yí i, nǹkan á ṣẹ́ nínú ẹ̀, ó parí nìyẹn. Kí wọ́n tú gbogbo pílọ́ọ̀gì, kí wọ́n da díísù sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi sípánà gígùn mú nọ́ọ̀tì tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n máa mì í díẹ̀díẹ̀ síwá sẹ́yìn. Tó bá yí, ẹ dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó náwó kankan, ẹ ní kí wọ́n wọ abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú irin ṣóńṣó àti òòlù kékeré. Ara mọ́tò ò le, pánẹ́lì bítà á gé ibi tó jẹrà, á jó tuntun mọ́ ọn. Ṣáàsì ni kẹ́ ẹ gún. Tí irin bá wọlé ṣín-ín bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún ẹ̀wà, ẹ pe onírin yẹn padà, mi ò ní tàn yín jẹ. Ewé máńgòrò tó ń jábọ́ sórí ẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, ó máa ń há sí ìdí wínsíkíríìnì, omi á dúró síbẹ̀, á máa jẹ ilẹ̀ mọ́tò láti òkè wálẹ̀.

BàbáÌbejì_Peckham

Ẹ má bínú sí mi o àbúrò, èmi á sọ òótọ́. Ẹ tà á. Àwa náà ní Oldsmobile bàbá wa n'Íléṣà, a dá owó jọ, a gbé e fún mẹkáníìkì kan, ọdún 4 ló fi wà lọ́wọ́ ẹ̀, lóòrọ̀ ló ń béèrè owó, lónìí kabúrétọ̀, lọ́la gásíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tá a máa fi débẹ̀ wọ́n ti tú u palẹ̀, ìdajì ẹ̀ ti sọnù. Owó tá a ná yẹn ì bá sanwó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ méjì. Àárín èmi àti àbúrò mi tó tẹ̀lé mi ò tíì dọ́gba látìgbà náà torí òun ló mú mẹkáníìkì ọ̀hún wá.

Ohun kan tún wà tí kò yé mi. Mọ́tò Amẹ́ríkà, òsì ni sítíárìn wọn máa ń wà. Tí tiyín bá wà lọ́tùn-ún, á jẹ́ pé ẹnì kan l'Ékòó ló gé e, tó gbé sítíárìn sápá kejì, mọ́tò tí wọ́n sì ti gé báyẹn ò lè níye lórí.

Ará_Michigan

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo yín. Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ tiyín, àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ sítíárìn, kò rí bẹ́ẹ̀ sà. General Motors, tó ń ṣe Chevrolet, Pontiac àti Oldsmobile nígbà náà, ní ilé iṣẹ́ ńlá ní Oshawa, ní Kánádà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí sítíárìn ẹ̀ wà lọ́tùn-ún látilẹ̀ wá fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, torí owó orí ọjà tó bá ti Kánádà wá kéré sí ti Amẹ́ríkà láwọn ilẹ̀ yẹn. Parisienne tí Àǹtí Àdùkẹ́ sọ náà, ọmọ Kánádà ni, orúkọ Pontiac ló wà lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣáàsì àti ẹ́ńjìnnì Chevrolet ló wà lábẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gé mọ́tò bàbá wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọdún. Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe 1967. Mo fẹ fọ́tò yín tóbi. Iná ẹ̀yìn róbótó mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Ti 1966 àti 1967 gùn gbọọrọ, kò rí róbótó. Ní 1968 wọ́n dá a padà sí mẹ́ta-mẹ́ta, àmọ́ inú bọ́ḿpà ni wọ́n kì í sí. Bel Air àti Biscayne, àwọn Chevrolet míì ayé ìgbà yẹn, méjì-méjì ni tiwọn, mẹ́ta yẹn gan-an la fi ń dá Impala mọ̀. Pẹ̀lú bí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe yọ bí ìbàdí obìnrin, mo gbà pé 1965 ni. Ọdún yẹn ni wọ́n ta Impala tó lé ní mílíọ̀nù 1 ní Amẹ́ríkà níbí.

Kí ẹni tó wà nílé lọ wo òpó tí ìlẹ̀kùn iwájú so mọ́, kó wo tọ̀tún kó wo tòsì, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi rìfẹ́ẹ̀tì kàn, kó rọra fi kẹrosíìnì àti àkísà nù ún, kó má fi sáńdípépà ha á o! Nọ́ńbà 13 ló máa bá níbẹ̀. 1 tó ṣáájú ni Chevrolet. 63 tó bá tẹ̀lé e, Impala oní-sílíńdà 6 ni, 64 jẹ́ V8, ìyẹn oní-sílíńdà 8. 69 ni onílẹ̀kùn mẹ́rin, 39 náà onílẹ̀kùn mẹ́rin ni àmọ́ kò ní òpó láàárín gíláàsì, 37 ni onílẹ̀kùn méjì. Nọ́ńbà tó kàn ni ọdún, 5 fún 1965. Ẹyọ kan tó wà lẹ́yìn ọdún yẹn ni ibi tí wọ́n ti ṣe é, tó bá jẹ́ 1, Oshawa ni.

Ọ̀gá Mushin, díísù dáa, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Àwọn tó ń ṣe é níbí máa ń po epo gíà òtòmátíìkì mọ́ acetone, ìdajì sí ìdajì, ó máa ń wọ ibi tí díísù ò lè wọ̀.

Ìdí tí mo fi ń pariwo báyìí ni pé 1974 ni bàbá mi wá kàwé ní Michigan, Oldsmobile Delta 88 àlòkù ni wọ́n kọ́kọ́ rà, inú ẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi wálé láti ọsibítù. Wọ́n ti padà sílé tipẹ́ nígbà tí Oldsmobile tó kẹ́yìn jáde ní Lansing ní April 29, 2004. Wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn láti Òṣogbo, wọ́n ní ṣé mo gbọ́ pé wọ́n ti pa á. Wọn ò sọ nǹkan míì, wọ́n kàn dákẹ́ sórí fóònù, èmi náà dákẹ́. Sátidé kẹta nínú August lọ́dọọdún ni mo máa ń lọ sí títì Woodward lẹ́bàá Detroit níbi tí wọ́n ti ń wa àwọn mọ́tò àtijọ́ kọjá, mo sì máa ń rí àwọn bàbá arúgbó tí wọ́n gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò wọn, tí ọmọọmọ wọn jókòó sínú ẹ̀. Bàbá mi ò rí irú ìyẹn rí.

Ọmọ_Yemọja_Miami

Ẹ gbọ́, mo lọ Cuba lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fẹ́ dé Regla, ibi tí wọ́n ti ń bọ Yemọja lódìkejì èbúté Havana. Ẹ wò ó, Chevrolet, Buick, Plymouth ayé àwọn ọdún 1950 ló kún títì. Almendrón ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, álímọ́ǹdì ńlá, torí bó ṣe rí. Wọ́n fi ń kérò bí ẹ ṣe ń wọ dáńfó. Amẹ́ríkà ò tà fún wọn mọ́ láti bí 1960, títí di 2011 sì ni òfin wọn fi ní mọ́tò tó ti wà kí ìjọba Castro tó dé nìkan lẹnì kan lè tà fún ẹlòmíì fàlàlà, torí náà mọ́tò bàbá ló di ti ọmọ, ló di ti ọmọọmọ. Èyí tí mo wọ̀, Chevrolet 1954 ni, ẹ́ńjìnnì díísù ni wọ́n gbé sí i, ó ń kù rìrì, ẹni tó ń wà á fi ìlẹ̀kẹ̀ Ògún aláwọ̀ ewé òun dúdú kọ́ sí díńgí. Ó ní bàbá bàbá òun ló rà á. Mo bi í pé kí ló kù níbẹ̀ tó jẹ́ ti bàbá bàbá ẹ̀, ó ní ara ẹ̀ àti sítíárìn.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ wá ẹ́ńjìnnì Toyota tòkunbọ̀ kan gbé sí i, kẹ́ ẹ máa gbádùn ẹ̀. Ó sàn ju kó dúró.

Ọ̀gá_Mẹkáníìkì_Mushin

Mo fara mọ́ Miami. Ẹ́ńjìnnì Toyota, mo lè bá wọn wá a ní Ládiípọ̀ lọ́la. V8 Chevrolet ń kọ́? Kí wọ́n máa dúró de pátì láti Amẹ́ríkà ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá jó? Ti acetone yẹn mo gbà, mo ti gbọ́ ọ rí, mi ò tíì dán an wò.

Ará_Michigan

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Pátì V8 Chevrolet ìgbà yẹn, ì báà jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní 283 tàbí 327, kò sí ibi tí kò sí, wọ́n ṣì ń ṣe é ní tuntun dòní. Àwọn nǹkan apá ọ̀tún ló máa nira, dáṣíbọ́ọ̀dù àti ilé sítíárìn, ìyẹn ò sí ní Amẹ́ríkà, Ọsirélíà tàbí Niu Sílàǹdì tàbí South Africa lẹ ti máa rí i, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju nǹkankan nù.

Ìdí kejì: tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e wá sọ́dọ̀ yín ní Maryland lọ́jọ́ iwájú, ó ṣeé ṣe. Mọ́tò tó bá ti lé ní ọdún 25, Amẹ́ríkà ò béèrè pé kó bá òfin ààbò wọn mu, fọ́ọ̀mù HS-7 lẹ máa kọ. Ti èéfín, ọdún 21 ni, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ gbé Toyota sí i, ẹ ti pa ọ̀nà yẹn dé.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹnìkankan ò sọ̀rọ̀ ẹni tó ni mọ́tò. Ogún ni. Bàbá ti kú, ti gbogbo ọmọ ni, ti ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n yín ò lè dá a tà fún onírin, ẹ̀yin náà ò sì lè dá a gbé lọ Maryland. Mo ti rí ẹbí tó túká lórí nǹkan tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ìpàdé ẹbí, ẹ ya fọ́tò mọ́tò bó ṣe wà lónìí, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹnu kò lé sínú ìwé, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Ẹ sì wá ìwé mọ́tò, nínú àpótí ìwé bàbá ló máa wà.

Ti pé kẹ́ ẹ ra òmíì ránṣẹ́ wálé, ẹ gbàgbé ẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù ní iye ọdún tí àlòkù ò gbọ́dọ̀ jù, ti 1965 kọjá ibẹ̀ fíìfíì.

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Bàbá Ìbejì, mo fẹ́ dá yín lóhùn tìfẹ́tìfẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ gbé e fún ló bà á jẹ́, kì í ṣe mọ́tò. Ṣé ẹ ṣì ní ohunkóhun lára Oldsmobile yẹn?

BàbáÌbejì_Peckham

Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Òun ni mo so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé mi níbí.

Mo gba ti Michigan lórí Kánádà, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa tún un ṣe, ẹ jẹ́ n kìlọ̀ bíréèkì fún yín. Oldsmobile tiwa náà jẹ́ ti ṣáájú 1967, mástà sílíńdà, ìyẹn èyí tó ń ti omi bíréèkì lọ sí táyà, oníhò kan ló wà nínú wọn nígbà náà, páìpù kan ṣoṣo bá bẹ́, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò ní ní bíréèkì. Ó ṣẹlẹ̀ sí bàbá wa ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lójú ọ̀nà Iléṣà, inú oko kòkó la bá ara wa, Ọlọ́run ló yọ wá. Láti 1967 ni General Motors ti ń fi oníhò méjì sí tiwọn. Ẹ fi oníhò méjì sí i, Michigan fẹ́ o, Michigan kọ̀ o.

Ará_Michigan

Ìyẹn, mo fẹ́ ẹ sà. Mi ò jiyàn.

ỌmọÌjẹ̀bú_Maryland

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ilé ni mo lọ. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo tẹ̀ sórí ìwé tí mo gbé lọ́wọ́.

A ṣe ìpàdé, ọmọ 9 nínú wa 11 jókòó, àwọn méjì tó kù wà lórí fóònù. Ọmọ ìyàwó kejì ló bá wa rí ìwé mọ́tò. Ọ̀gá Mushin, wọ́n gún ṣáàsì níbi 14, ibì kan ṣoṣo ló wọlé, lẹ́yìn, lápá òsì, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ilẹ̀ mọ́tò lábẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà ti jẹ tán bẹ́ ẹ ṣe sọ, ewé máńgòrò náà ló fà á, mo fọwọ́ ara mi kó àpò sìmẹ́ǹtì kan ààbọ̀ níbẹ̀. Ará Michigan, pẹ̀lú kẹrosíìnì, àkísà àti sùúrù, mo rí nọ́ńbà: 164, 69, 5, 1. V8, onílẹ̀kùn mẹ́rin, 1965, Oshawa. Gbogbo ọjọ́ ayé wa la fi pè é ní 1967.

Mo fẹ́ sọ ti ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ tá a fi kóró-báà ṣí ìlẹ̀kùn, òkèèrè ló dúró sí, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Mo bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ kí onírin gbé e. Ó ní ojoojúmọ́ tóun bá ṣí wíńdò yàrá òun lòun ń rí i tó ń jẹrà, pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun ò rí i, pé ó dà bíi pé òun ń wo òkú bàbá tí wọn ò sin. Mi ò mọ ohun tí mo máa fi dá a lóhùn. Nígbà tó yá, ó bá ẹ̀yìn mọ́tò yí sápá òsì, ó nu àga pẹ̀lú fìlà ẹ̀, ó jókòó. Wíńdò ò ṣeé yí wálẹ̀ mọ́, ó yọ orí gba ẹnu ìlẹ̀kùn, ó wo iwájú lọ síbi ògiri ilé ìdáná, ó sì ní, "Bàbá, ọ̀nà mọ́, ẹ máa lọ." Ọmọ ọdún 67 ni. Àwọn ọmọọṣẹ́ mẹkáníìkì ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwa ọmọ bàbá nìkan la mọ̀.

Òun ló wá ń bójú tó iṣẹ́ náà báyìí. Acetone àti epo gíà la lò, ọjọ́ kẹsàn-án ló yí, ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi láago mẹ́ta òru tiwa níbí. Mástà sílíńdà oníhò méjì ni mo fẹ́ rà báyìí. Ará Michigan, ṣé ti 1967 á wọ ibi tí ti 1965 wà, lápá ọ̀tún, àbí kí n bi àwọn ará Ọsirélíà?